Ìjókòó Kan, Olówó Méjì: Ẹ̀tọ́ Èrò Tí Wọ́n Dá Padà Lẹ́nu Ọ̀nà Bààlúù



Bí ọmọ onílẹ̀ kan ní Ìkòròdú bá ta púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan fún Àlàbí ní oṣù kìn-ín-ní, tí ó tún ta ilẹ̀ kan náà fún Àjàyí ní oṣù kẹta, orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wa yóò pè é: olè. Kò sí ẹni tí yóò ní kí á fara balẹ̀ gbọ́ àlàyé rẹ̀ pé bóyá Àlàbí lè má kọ́lé síbẹ̀. Òfin tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2016 láti gba dúkìá lọ́wọ́ àwọn ajagungbalẹ̀ sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ gbé ohun tí ó ti tà tẹ́lẹ̀ jáde fún títà lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ń ta ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì wọ kóòtù, kí ó so táì mọ́rùn, kí ó sì jókòó sẹ́yìn káńtà ní pápákọ̀ òfuurufú. Ìwà náà kò ní jẹ́ olè mọ́, yóò di ètò ìṣòwò. Èyí ni ohun tí a fẹ́ bá a fà lónìí.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ kò fara sin. Èrò ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó san owó rẹ̀ pé, wọ́n kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i, wọ́n sì fi dá a lójú pé àyè rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó jí ní òru, ó kírun àsùbáà ní ìdákọ́ńkọ́, ó la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kọjá láti Àgége tàbí láti Ìbàdàn, ó sì dé Ìkẹjà ní àsìkò. Ní káńtà, òṣìṣẹ́ kan á wo kọ̀ǹpútà, á tún un wò, á ní, “Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ná, sà.” Ẹni tí wọ́n bá ti sọ gbólóhùn yìí fún, kí ó yáa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Nígbà tí ó bá ti dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó, wọ́n á sọ fún un pé bààlúù ti kún. Ó kún báwo? Ṣé ojú fèrèsé ni àwọn èrò gbà wọlé ni?

Wọ́n tà á ju iye ìjókòó lọ ni. Bí àyè inú bààlúù bá jẹ́ 100, wọ́n á ta 106 tàbí 108, nítorí pé ìṣirò wọn ti sọ fún wọn pé àwọn kan nínú àwọn tí ó sanwó kò ní wá. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, ìṣirò náà á bọ́ sí i, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀. Ní ọjọ́ tí gbogbo olówó bá wá gba ọjà wọn, wọ́n á wá ẹni tí wọn yóò dá padà. Ẹ sì jẹ́ kí n bi yín: nínú èrò 106, ta ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá padà? Ṣé ọmọ gómìnà ni? Ṣé ọ̀gágun ni? Ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kéré jù ni, ẹni tí ó kẹ́yìn dé káńtà, ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni tí ó lè pè lórí fóònù.

Àwọn agbẹnusọ ilé iṣẹ́ bààlúù ní àwíjàre kan tí ó dùn gbọ́ létí. Wọ́n ní ìjókòó bààlúù dà bí tòmátò ọjà Mile 12. Bí ọjọ́ bá ti lọ lórí rẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí bààlúù bá gbéra tòun ti ìjókòó tó ṣófo, kò sí ẹni tí yóò rà á lẹ́yìn náà. Wọ́n tún ní títà tí àwọn ń ta á kọjá iye ni ó jẹ́ kí owó tíkẹ́ẹ̀tì mọ níwọ̀n fún gbogbo ènìyàn. A kò sẹ́ ti tòmátò. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbé àdánù náà? Tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí àwọn tálákà ń rà, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni a kì í dá owó wọn padà bí olówó wọn kò bá wá. Àwọn mìíràn nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà tún ń gba owó lé e lórí kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹni tí kò rí ọ̀nà wá mú ọjọ́ mìíràn. Nígbà tí ó jẹ́ pé a ti san owó ìjókòó tó ṣófo náà, kí ni ó sọnù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́? Epo tí wọn kò fi gbé ẹni náà àti ìpápánu tí wọn kò fún un jẹ, èrè ni fún wọn. Nítorí náà, bí wọ́n bá tún ta ìjókòó yẹn, owó kejì lórí ọjà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà. Kí wọ́n má fi tòmátò bo ojú wa.

Bí ó bá sì jẹ́ pé òwò yìí kò lè dúró láìsí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, báwo ni Southwest, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ ní Amẹ́ríkà, ṣe lè kéde ní ọdún 2017 pé òun kò ní ta àyè kọjá iye ìjókòó mọ́? Ilé iṣẹ́ náà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ kógbá sílé. Tẹ́tẹ́ ni àwọn yòókù ń ta, ẹ jẹ́ kí á pè é ní orúkọ rẹ̀. Tẹ́tẹ́ tí ẹni tí ó ń ta á ní í jẹ èrè rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n fi òun ta á ni ó ń san gbèsè.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò lójú sàríà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbọ́ hàdíìsì Hakim ọmọ Hizam, ẹni tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún láti ta ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Àwọn kan máa ń sáré gbé e ka orí ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì yìí. Ní tèmi, ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Tíkẹ́ẹ̀tì bààlúù kì í ṣe ọjà títà, háyà ni. Kò sí ẹni tí ó ra ìjókòó bààlúù gbé lọ sílé. Àǹfààní rẹ̀ fún wákàtí kan tàbí mẹ́fà ni a sanwó fún. Ẹni tí ó bá sì ti háyà ilé rẹ̀ fún ẹnì kan fún oṣù Rajab, kò ní oṣù Rajab náà lọ́wọ́ mọ́ tí yóò tún háyà rẹ̀ fún ẹlòmíràn, àfi bí ẹni àkọ́kọ́ bá yọ̀ǹda. Kí ẹ di ọ̀rọ̀ “yọ̀ǹda” yìí mú dáadáa, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo òfin tí ó dára lórí ọ̀rọ̀ yìí dúró lé, yálà Mùsùlùmí ni ó ṣe é tàbí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí.

Òfin náà kò sì bọ́ láti ojú ọ̀run. Ẹnì kan ni ó kọ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1972, Ralph Nader, agbẹjọ́rò tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀ bí ẹni tí ń jà fún àwọn oníbàárà, fẹ́ wọ bààlúù Allegheny Airlines láti Washington lọ sí Hartford níbi tí wọ́n ti ń dúró kí ó wá bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àyè rẹ̀ sì ti dájú. Wọ́n ní bààlúù ti kún. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù, ó hàn pé ènìyàn 107 ni wọ́n fi ọkàn wọn balẹ̀ lórí ìjókòó 100. Ilé iṣẹ́ náà jiyàn pé àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso òfuurufú nìkan ni ó lè dá sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, pé kóòtù kò ní ohun tí yóò sọ sí i. Ní ọdún 1976 ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀: èrò tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún lè pe ẹjọ́ ẹ̀tàn bí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tàn jẹ nínú ọjà. Ìtìjú ńlá ni èyí jẹ́ fún àwọn ilé iṣẹ́ bààlúù.

Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1968, onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan tí ń jẹ́ Julian Simon ti dá a lábàá pé bí bààlúù bá kún, kí wọ́n bi àwọn èrò léèrè iye owó tí olúkúlùkù lè gbà kí ó sì yọ̀ǹda àyè rẹ̀, kí wọ́n sì mú ẹni tí owó tí ó béèrè bá kéré jù. Àwọn ilé iṣẹ́ kò gbà á. Ó di ọdún 1978, nígbà tí Alfred Kahn wà ní ipò olórí àjọ tí ń ṣàkóso òfuurufú níbẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ di òfin pé kí a kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò yọ̀ǹda kí a tó fi agbára dá ẹnikẹ́ni padà. Ọdún mẹ́wàá gbáko. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé àròyé kò ṣe nǹkan kan, ẹ ṣírò rẹ̀.

Ẹ sì gbọ́ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí ilé iṣẹ́ bá kọ̀ láti fi owó kún owó. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 2017, nínú bààlúù kan ní Chicago tí ó ń lọ sí Louisville, àwọn èrò ti jókòó tán nígbà tí ilé iṣẹ́ United ní àwọn fẹ́ àyè mẹ́rin fún àwọn òṣìṣẹ́ àwọn. Wọ́n fi 400 dọ́là lọ̀ wọ́n, wọ́n sọ ọ́ di 800, ẹnikẹ́ni kò dìde. Dípò kí wọ́n fi kún un, wọ́n fi kọ̀ǹpútà mú ènìyàn mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn, dókítà ẹni ọdún 69, ní òun kò lọ, nítorí pé àwọn aláìsàn ń dúró de òun lọ́jọ́ kejì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ pápákọ̀ wọ́ ọ jáde lórí ilẹ̀, imú rẹ̀ ṣẹ́, eyín rẹ̀ méjì yọ, gbogbo ayé sì wò ó lórí fóònù. (Ní òótọ́, ti òṣìṣẹ́ mẹ́rin yẹn ló fa ti ọjọ́ náà, kì í ṣe pé wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì kọjá iye. Àmọ́ èrò tí wọ́n wọ́ nílẹ̀ kò ní mọ ìyàtọ̀.) Láàárín oṣù kan náà, ilé iṣẹ́ náà parí ẹjọ́ pẹ̀lú dókítà, ó sì kéde pé láti ìgbà náà lọ àwọn lè fún ẹni tí ó bá yọ̀ǹda ní owó tí ó tó 10,000 dọ́là. Ṣé ẹ rí i? Owó náà wà tẹ́lẹ̀. Ìtìjú ni kò tíì sí. Ní ọdún 2018, àwọn aṣòfin wọn fi í sínú òfin pé ẹni tí wọ́n bá ti gbà wọ inú bààlúù, wọn kò gbọ́dọ̀ lé e jáde nítorí àyè.

Wàyí o, kí ni òfin sọ ní orílẹ̀-èdè tiwa? Àwọn kan nínú wa rò pé kò sọ nǹkan kan. Àìmọ̀ ni. Apá 19 nínú ìlànà àjọ tí ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, NCAA, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015 tí wọ́n sì tún ṣe ní ọdún 2023, sọ̀rọ̀ náà ní kedere. Bí ilé iṣẹ́ bá rí i pé èrò yóò ju àyè lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe àwọn tí ó fẹ́ yọ̀ǹda, kí wọ́n sì fún wọn ní ohun tí wọ́n bá jọ fẹnu kò sí. Bí àwọn wọ̀nyí kò bá tó, tí wọ́n sì dá ẹnì kan padà láìṣe ìfẹ́ rẹ̀, owó gbà-má-bínú di dandan: ó kéré tán ìdá 25 nínú 100 owó tíkẹ́ẹ̀tì fún ìrìn-àjò abẹ́lé, ìdá 30 fún ti òkè òkun. Owó yìí yàtọ̀ sí owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Èrò náà ni yóò yàn bóyá kí wọ́n dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà fún òun tàbí kí wọ́n fi bààlúù mìíràn gbé òun. Títí yóò fi lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀: oúnjẹ, fóònù tí yóò fi pe àwọn ará ilé rẹ̀, àti òtẹ́ẹ̀lì bí yóò bá sùn. Ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ sí i ni ẹni tí ó pẹ́ dé, tàbí tí ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ kò pé, tàbí tí ó ń dá rúgúdù sílẹ̀. Ìyẹn sì tọ́.

Òfin wà, ṣùgbọ́n kò gbó. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká sọ pé Àlàbí ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí Àbújá ní oṣù méjì sẹ́yìn ní 120,000 náírà. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò, oníṣòwò kan dé káńtà, ó ní dandan ni kí òun lọ, ó sì ń san 250,000. Bí wọ́n bá dá Àlàbí padà, ìdá 25 nínú 100 owó rẹ̀ jẹ́ 30,000. Wọ́n gba 250,000, wọ́n yọ 30,000 níbẹ̀, wọ́n sì gbé Àlàbí lọ ní ìrọ̀lẹ́ lórí 120,000 tí ó ti san. Ìtanràn wo nìyẹn? Owó ọjà ni. Òfin tí ó fi ìdá owó tíkẹ́ẹ̀tì ṣe òṣùwọ̀n ń sọ fún ilé iṣẹ́ pé ẹni tí ó sanwó kékeré jù lọ ni kí ó kọ́kọ́ dá padà, nítorí pé òun ni gbà-má-bínú rẹ̀ kò ní dùn wọ́n. A ṣe òfin láti dáàbò bo tálákà, ó sì wá ń tọ́ka tálákà fún ẹni tí yóò rẹ́ ẹ jẹ. Èyí sì jẹ́ bí wọ́n bá san án rárá.

Ẹ fi wé ti ibòmíràn. Ní Yúróòpù, láti oṣù kejì ọdún 2005 tí òfin 261 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gígùn ìrìn-àjò ni òṣùwọ̀n: 250, 400 tàbí 600 yúrò. Ìbáà ṣe ogún yúrò ni èrò fi ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, 250 ni gbà-má-bínú tó kéré jù, àfi bí wọ́n bá tètè rí bààlúù mìíràn gbé e lọ, nígbà náà wọ́n lè pín in sí méjì. Ní Amẹ́ríkà, ìlọ́po méjì owó tíkẹ́ẹ̀tì ni fún ẹni tí ìdádúró rẹ̀ kò pọ̀, ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tí ó pẹ́. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, wọ́n ti gbé òpin rẹ̀ dé 1,075 àti 2,150 dọ́là. Ìlọ́po mẹ́rin níbẹ̀, ìdá mẹ́rin níbí! Ṣé ebi kì í pa ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n dá dúró ní pápákọ̀ ni? Tàbí wákàtí wa kò ní ìṣẹ́jú 60 nínú?

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní London, ẹ fi èyí yé wọn. Lẹ́yìn tí Bìrìtìkó kúrò nínú àjọ Yúróòpù, wọ́n mú òfin náà dání, wọ́n kàn sọ owó rẹ̀ di pọ́n-ùn ni: 220, 350 àti 520. London sí Èkó ju kìlómítà 3,500 lọ, nítorí náà 520 pọ́n-ùn ni ti ẹni tí wọ́n bá dá padà láìṣe ìfẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ilé iṣẹ́ orílẹ̀-èdè yòówù kí ó gbé e, títí kan ti Nàìjíríà. Bí ó bá jẹ́ pé Èkó ni ó ti ń bọ̀ sí London, òfin náà ṣì bò ó bí bààlúù náà bá jẹ́ ti Bìrìtìkó tàbí ti Yúróòpù. Bí ó bá jẹ́ ti ibòmíràn, ìdá 30 tiwa nìkan ni ó ní. Mo ti rí àwọn ará wa tí wọ́n gba ìwé kékeré kan pé kí wọ́n fi jẹun ní pápákọ̀, tí wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ wọ́n ní 520 pọ́n-ùn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ìjọ yóò sọ pé, “Sùúrù ni ìgbàgbọ́. Ohun tí Ọlọ́hun kọ ni yóò ṣẹ.” Mo gba kádàrá gbọ́, gbogbo wa ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á má fi kádàrá bo àṣírí ayédèrú. Bí ìjì bá dé tí bààlúù kò lè gbéra, sùúrù ni èyí béèrè, òfin pàápàá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìjì ní káńtà. Ẹnì kan jókòó sí ọ́fíìsì, ó ṣe ìṣirò, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Onísùúrù ni ẹni tí ó béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ láìbú ènìyàn, tí kò gbé ọwọ́ sókè, tí kò sì kúrò níwájú káńtà. Ẹni tí ó bá lọ lu òṣìṣẹ́ káńtà ti ba ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́, ó sì ti ṣe àbòsí pẹ̀lú, nítorí pé ọmọbìnrin tí ó wà níbẹ̀ kọ́ ni ó ta ìjókòó lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn mìíràn á ní ọ̀rọ̀ olówó ni ọ̀rọ̀ bààlúù, kí ló kan àwa tí à ń wọ dáńfó? Ẹ wo àwọn tí ó wà ní ìlà. Olùkọ́ tí ẹgbẹ́ dá owó fún kí ó lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ní Kánò wà níbẹ̀. Ìyá tí ó ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní Àbújá nítorí pé ẹ̀rù ọ̀nà ń bà á wà níbẹ̀. Àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀pọ̀ tálákà di èrò bààlúù ní tipátipá. Olówó gidi kò sí ní ìlà yẹn. Ọ̀dọ̀ mìíràn ni òun ń gbà wọlé, bí kò bá tilẹ̀ ní bààlúù tirẹ̀.

Ó sì kan àwa Mùsùlùmí ní ọ̀nà kan pàtó. Ẹni tí wọ́n dá padà lójú ọ̀nà ìgbéyàwó lè lọ bá wọn jẹ àjẹkù. Ẹni tí kò bá dé Arafah ní ọjọ́ 9 oṣù Dhul-Hijjah, kò ní Hajj lọ́dún náà, àwọn aláṣẹ Saudi sì máa ń ti pápákọ̀ Jeddah mọ́ àwọn alálàájì ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Ìdá 30 owó tíkẹ́ẹ̀tì kí ni yóò ra ọjọ́ Arafah padà? Ní ọdún 2022, àwọn kan láti orílẹ̀-èdè wa tí wọ́n ti san owó wọn tán kò rí ọ̀nà lọ kí ilẹ̀kùn tó tì. Ọ̀ràn ìjókòó nìkan kọ́ ni ó fa èyí, ṣùgbọ́n ó fi hàn wá ohun tí ó wà nídìí ìdádúró bí ìrìn-àjò bá jẹ́ èyí tí ó ní ọjọ́. Fún irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí òfin sọ pé a kò gbọ́dọ̀ ta ẹyọ ìjókòó kan kọjá iye rárá.

Àwa náà kò sì mọ́ tónítóní. Àwọn àgbà tí wọ́n wọ bààlúù láyé Nigeria Airways, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1958 tí ó sì kógbá sílé ní 2003, ṣì máa ń sọ bí àwọn èrò tí wọ́n ní káàdì ìwọkọ̀ lọ́wọ́ ṣe ń sáré lórí pápá bí ẹṣin, kí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé àtẹ̀gùn lè rí àyè. Ẹ̀yìn ta ni àwọn káàdì àpọ̀jù yẹn ti jáde? Ẹ̀yìn àwọn tí ń ki owó bọ abẹ́ tábìlì ni. Lónìí pẹ̀lú, nígbà tí ará wa kan bá di owó mọ́ ọwọ́ òṣìṣẹ́ kí wọ́n lè fi í wọlé, kí ó mọ̀ pé ẹnì kan ni wọ́n yọ jáde láti fi í sí i. Rìbá ni. Kí ó má wá sọ fún wa ní mọ́sálásí pé Ọlọ́hun ló ṣí ọ̀nà.

Bí ó bá wá kan yín, ẹ má kúrò níbẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti pe àwọn tí yóò yọ̀ǹda, nítorí pé ibẹ̀ ni òfin ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àyè kò sí ni wọ́n fi dá yín padà, pẹ̀lú nọ́ńbà bààlúù àti àkókò. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù láti kọ ọ́ ti jẹ́wọ́. Ẹ má fi tíkẹ́ẹ̀tì yín sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ tọ́jú rìsíìtì oúnjẹ àti ti takisí. Bí wọ́n bá fi ìwé ẹ̀dínwó fún ìrìn-àjò mìíràn lọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ kà á, kí ẹ tó fọwọ́ sí i, nítorí pé ìfọwọ́sí lè sọ yín di ẹni tí ó yọ̀ǹda. NCAA ní àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ èrò ní àwọn pápákọ̀ ńláńlá. Bí ilé iṣẹ́ bá ta kété sí yín, àwọn ni ẹ ó kọ́ lọ bá, kí ẹ sì gba ẹ̀dà ohun tí ẹ bá kọ fún wọn.

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ NCAA kò ju méjì lọ. Kí wọ́n pa ìdá 25 àti 30 rẹ́, kí wọ́n fi iye tí kò wo owó tíkẹ́ẹ̀tì rọ́pò rẹ̀, iye tí yóò ju èrè tí ilé iṣẹ́ lè rí nínú títa ìjókòó lẹ́ẹ̀mejì lọ. Kí wọ́n sì máa tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta pẹ̀lú iye èrò tí ó dá padà láìṣe ìfẹ́ wọn, bí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń ṣe, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbọ̀ngán pápákọ̀ ní Ìkẹjà, níbi tí Àlàbí yóò ti rí i kà kí ó tó na owó rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.